Igbó Bradfield: Bí Gígé Ṣe Mú Igbó Kan Wà Láàyè Láti 1252

Nínú Felsham Hall Wood, ní Suffolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kùkùté igi ash kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 5.6. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá dùbúlẹ̀ lórí ìlà kan, tí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì, agbára káká ni wọ́n fi máa gùn jù ú lọ. Àárín rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́tipẹ́. Ohun tó kù jẹ́ òrùka igi tó ti já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n igi kan náà ni, èéhù sì ń yọ lára rẹ̀. Oliver Rackham, onímọ̀ igbó ti Yunifásítì Cambridge tó kú ní 2015, ṣírò pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè dín ní 1,000 ọdún. Ash tí ẹnikẹ́ni kò fi ayùn kàn kì í sábà pẹ́ ju 200 ọdún lọ púpọ̀ kó tó jẹrà, kó sì wó. Èyí tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ léraléra ló rí ẹgbẹ̀rún.

Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó gé igi ló pa igbó, ẹni tó fi í sílẹ̀ ló dá a sí. Ní Bradfield, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló fẹ́ pa igbó náà láàárín ọgọ́ta ọdún tó kọjá: katakata tó ń hú gbòǹgbò, àgbọ̀nrín tó ń jẹ èéhù, àti àrùn tó wọlé láti òkèèrè. Àáké kò sí lára wọn. Àrùn yìí nìkan ló wá sọ gígé fúnra rẹ̀ di ewu fún irú igi kan, ibẹ̀ sì ni ìṣòro tó le jù wà báyìí.

Igbó àwọn mọ́ńkì

Bradfield wà láàárín àwọn abúlé Bradfield St George, Felsham àti Gedding, nǹkan bíi kìlómítà 11 sí ìlú Bury St Edmunds. Igbó méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra ni, Felsham Hall Wood àti ìyókù Monks' Park Wood. Ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò níbẹ̀ lé díẹ̀ ní hẹ́kítà 81, nǹkan bíi 63 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ibi àbò ìṣẹ̀dá ti orílẹ̀-èdè.

Orúkọ kejì yẹn sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ní Bury ni wọ́n sin Edmund sí, ọba East Anglia tí àwọn Viking pa ní 869, ilé àwọn mọ́ńkì tó sì dìde yí sàréè rẹ̀ ká di ọ̀kan nínú àwọn tó lọ́rọ̀ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń dáná, ó ń ṣe búrẹ́dì, ó ń pọn ọtí, ó ń mọ ọgbà, ó ń kọ́lé, igi ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù nípa igbó náà jẹ́ ti 1252, wọ́n sì ti ń gé e dé kùkùté nígbà náà. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti ilé àwọn mọ́ńkì pa ní 1539, igbó bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n gígé kò dúró. Ibi tí Bradfield fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Àwọn yòókù, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì nígbà tí èédú àti gáàsì gba ipò igi ìdáná. Tibí ń bá a lọ, torí pé oníbàárà ṣì wà nítòsí nígbà náà: ní Little Welnetham, ilé iṣẹ́ kan máa ń ra ọ̀pá ash láti fi ṣe réèkì àti igi irinṣẹ́ oko.

Àwọn ará ìgbà yẹn mọ ìyàtọ̀ láàárín oríṣi igi méjì, ẹ fi í sọ́kàn torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tó ń bọ̀. Gẹdú ni àkọ́kọ́, igi óákù tí wọ́n dá sí kó dàgbà fún òpó àti ìtì ilé. Igi wẹ́wẹ́ ni èkejì, hazel, ash, maple àti alder tí wọ́n ń gé dé ìdí ní gbogbo ọdún mélòó kan, tí kùkùté ń rú padà fúnra rẹ̀. Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní coppice. Ẹni tó bá ti gé tíìkì rí, tó padà síbẹ̀ lọ́dún kejì tó bá ọ̀pá mẹ́fà níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, mọ ohun tí à ń sọ. Gẹdú ń pawó lẹ́ẹ̀kan ní ọdún àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi wẹ́wẹ́ ń wọlé lọ́dọọdún. Igi wẹ́wẹ́ yìí ló mú kí igbó níye lórí débi tí wọ́n fi wa yàrà yí i ká.

Ẹ lè rí yàrà náà títí di òní. Ìta ni yàrà wà, òkìtì ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níhà inú. Ẹran ọ̀sìn ni wọ́n fi ń lé, torí màlúù tàbí àgùntàn tó bá wọ inú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé á jẹ èéhù rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Etí igbó láyé àwọn mọ́ńkì ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Bí ẹ bá bá etí igbó tó tọ́ ṣánṣán bí ìlà rúlà, ìgbà ìkẹyìn ni wọ́n gé e lulẹ̀ fún oko tàbí tí wọ́n gbìn ín kún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igbó tó bá ti wà láti 1600 ni wọ́n ń kà sí igbó àtijọ́, torí ṣáájú ìgbà náà kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbin igbó. Èyí tó bá ti wà nígbà yẹn ti wà tipẹ́ ṣáájú nìyẹn.

Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ wúwo tí yìnyín ayé àtijọ́ gbé sílẹ̀, tí iyanrìn bò ní àwọn ibì kan. Ó ń gba omi dúró nígbà òtútù débi pé igi alder, tí ènìyàn máa ń bá létí odò, ń hù lórí ilẹ̀ gíga níbẹ̀. Oríṣi ewéko tó ju 370 lọ ni wọ́n ti kà. Nínú wọn ni oxlip, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí amọ̀ yìí nìkan ló ń gbé ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Suffolk, Essex, Cambridgeshire àti àyíká wọn.

Katakata

Nínú ogun àgbáyé méjèèjì, wọ́n gé igbó lọ́tùn-ún lósì fún gẹdú, igbó sì hù padà. Láyé àtijọ́, híhú kùkùté óákù pẹ̀lú ọwọ́ ń náni lówó ju ohun tí oko máa mú wá lọ, nítorí náà igbó ń bọ́. Lẹ́yìn 1945, katakata ńlá tó ń ti ilẹ̀ níwájú dé, ìjọba sì ń fún àwọn àgbẹ̀ lówó ìrànwọ́ láti sọ ilẹ̀ di oko ọkà. Ohun tó ń gba òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ní oṣù kan tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1919 láti pèsè gẹdú ń gbin igi aláwọ̀ ewé tí kì í wọ́wé sórí igbó àtijọ́. Kí ìwọ̀nyí lè rí àyè, wọ́n fi oògùn 2,4,5-T pa kùkùté àwọn igi tó wà níbẹ̀. Òjìji igi tí kì í wọ́wé sì bo ilẹ̀ tọdún yípo, òdòdó kò rí oòrùn. Láàárín ìgbà náà sí nǹkan bíi 1975, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì igbó àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n hú tàbí tí wọ́n gbin irú igi yìí lé lórí.

Ní àwọn ọdún 1960, ọwọ́ kan Monks' Park Wood. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n hú, wọ́n sì sọ ọ́ di oko. Igbó tí àwọn mọ́ńkì ti ń gé láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, tí ogun kò pa, tí títà àti rírà kò pa, lọ láìpẹ́. Ó dunni, ó sì yẹ kó dunni, torí irú rẹ̀ kì í padà. Ẹ lè gbin igi síbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n oxlip kì í tètè rìn dé inú igbó tuntun, kùkùté ẹgbẹ̀rún ọdún kò sì sí níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Àwọn ará àdúgbò àti àwọn onímọ̀ ìṣẹ̀dá gbé ohùn sókè kí ọwọ́ tó kan Felsham Hall Wood. Ní 1970, Society for the Promotion of Nature Reserves, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ìṣẹ̀dá, ra ohun tó kù. Suffolk Wildlife Trust ló ń bójú tó o báyìí. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìgbàlà yìí ni pé àwọn tó rà á kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n ń gé e lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Ìṣirò ló ń ṣáájú àáké. Ẹ mú hẹ́kítà 63. Bí ẹ bá fẹ́ padà síbi kan náà lẹ́yìn ọdún 21, hẹ́kítà 3 ló kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Iye gidi á dín díẹ̀, torí ojú ọ̀nà wà nínú rẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ kó dàgbà. Ní Bradfield, ọdún 20 sí 25 ni ìyípo, nítorí igi ìdáná pọ̀ nínú ohun tó ń jáde. Hazel tí wọ́n bá fẹ́ fi hun ọgbà kò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 7 sí 10 ni tirẹ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, ọ̀pá á ti nípọn, á ti le, kò ní ṣeé là sí méjì láìfọ́, kò sì ní ṣeé lọ́.

Apá tuntun gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan èyí tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá tàbí ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Labalábá tó ń wá oòrùn kì í fò jìnnà, èso oxlip kì í bọ́ sí ibi tó jìnnà sí ìdí rẹ̀. Bí ibi ìmọ́lẹ̀ kan bá ń kú lọ tí òmíràn ń ṣí ní òdì kejì igbó, wọn kò ní dé ibẹ̀. Apá kan kò sì gbọdọ̀ kéré jù. Ìdajì hẹ́kítà ni ó yẹ kó kéré mọ, torí igi gíga tó yí i ká á fi òjìji bo ojú tó há, àgbọ̀nrín á sì kó ara wọn jọ sórí oúnjẹ díẹ̀ yẹn.

Láti Ọ́kítóbà sí ìparí Fẹ́búárì ni iṣẹ́ ń lọ, ó pẹ́ tán ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì. Nígbà òtútù, ewé ti wọ́, oúnjẹ igi ti sọ̀ kalẹ̀ sí gbòǹgbò, ẹyẹ kò tíì máa kọ́ ìtẹ́. Kùkùté tí wọ́n bá gé nígbà ooru á fi ìyókù agbára rẹ̀ rú, èéhù náà kò sì ní le kí yìnyín tó dé. Kí wọ́n tó gbé irinṣẹ́ wá, ìwé àṣẹ ti gbọ́dọ̀ wà: ti gígé igi, àti ti ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò. Eku kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dormouse ń gbé ní Bradfield. Òfin kò gba kí ẹnikẹ́ni pa á tàbí ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́. Orí ẹ̀ka ló ń gbé nígbà ooru, ó sì kórìíra kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ó ń sùn nínú ìtẹ́ nísàlẹ̀, lábẹ́ ewé gbígbẹ tàbí ní ìdí kùkùté. Ìdí nìyí tí a kì í fi gbé ọkọ̀ wúwo káàkiri inú apá tí à ń gé. Ojú ọ̀nà kan ni kí ọkọ̀ gbà, kí ènìyàn fi ọwọ́ wọ́ igi dé ibẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí ẹ̀ka pàdé ẹ̀ka ní ibì kan lórí ọ̀nà, kí eku náà lè rí afárá gbà kọjá.

Gígé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìta wọnú. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdí kùkùté, ẹ ro ẹ̀gún àti ọ̀pá tín-ínrín kúrò pẹ̀lú àdá kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́, kí ẹ lè rí ibi tí ayùn máa wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá ńlá. Hazel ọ̀dọ́, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sókè ilẹ̀. Ojú àgékù yẹn gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ìta, kí omi òjò lè ṣàn kúrò, kó má bàa dúró lórí rẹ̀ kó sì mú un jẹrà. Nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, èéhù tuntun lè ta gbòǹgbò tirẹ̀ sínú ilẹ̀, igi á sì di ọ̀tun lábẹ́ ara rẹ̀. Kùkùté àgbà yàtọ̀. Òkè ibi tí wọ́n gé kẹ́yìn gan-an ni kí ẹ gé, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú èèpo àtijọ́, nítorí ojú tó lè rú níbẹ̀ lè ti kú. Èèpo kò gbọdọ̀ ya sílẹ̀. Èèpo tó bá ṣí kúrò lára igi ni àrùn ń gbà wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún ash tó tẹ̀. Igi yìí ń là sókè. Bí ènìyàn bá gbé ẹ̀rọ ìgégi lé e láti ẹ̀yìn láìkọ́kọ́ gé ẹnu sí iwájú rẹ̀, níhà tó máa wó sí, igi á ya láti ìdí sókè kó tó já, ìdí rẹ̀ á sì fò padà sí àyà ẹni tó ń gé e. Ó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí.

Bí igi ti ń wó ni wọ́n ń ṣà á, torí bí ó bá di òkìtì kan, kò sẹ́ni tó lè ṣà á mọ́. Ọ̀pá hazel tó gùn tó mítà 2.4, tó sì tọ́, ni àwọn olóko ń rà kí ẹ̀wà lè gùn ún, bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá. Orí ẹ̀ka tó pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́, bíi mítà kan àti ààbọ̀, ni ti ewéko ẹ̀wà kéékèèké. Hazel tó sunwọ̀n jù ni wọ́n ń là sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, tí wọ́n ń lọ́ láàárín tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́ irun. Èèkàn yìí ni àwọn akọ́lé fi ń di koríko mọ́ òrùlé, òrùlé kan ṣoṣo sì ń jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Láti hun ọgbà alágbèéká kan, wọ́n á ri ọ̀pá 9 tàbí 10 dúró sínú ihò ìtì igi tó tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á hun èyí tí wọ́n là mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á lọ́ ọ níbi tó bá ti yí padà kó má bàa kán. Ìyókù jẹ́ igi ìdáná. Ìwọ̀n àtijọ́ rẹ̀ ni òkìtì ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú, 4 sókè, 8 ní gígùn. Ash lérè jù níbẹ̀, torí omi inú rẹ̀ kéré ju ti igi púpọ̀ lọ, ó ń jó kíákíá lẹ́yìn tó bá gbẹ díẹ̀.

Àwọn óákù tí wọ́n dá sí ńkọ́? Òfin 1543, láyé Henry Kẹjọ yẹn náà, ní kí wọ́n máa fi 12 sílẹ̀ lórí éékà kan, ìyẹn bíi 30 lórí hẹ́kítà. Ìṣirò yẹn kò tíì pẹ́ jù títí di òní. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ni àánú igi ńlá. Wọn kì í fẹ́ gé óákù, óákù á sì fi orí bo ìdajì ojú ọ̀run. Hazel tó rú lábẹ́ rẹ̀ á tín-ínrín, á wọ́, á sì kú lẹ́yìn ìyípo méjì. Bí òjìji igi gíga bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀, ẹ dín wọn kù.

Níbi tí kùkùté bá ti kú tí àlàfo ṣí, ẹ kò nílò láti ra igi. Ẹ fi ọ̀pá hazel kan sílẹ̀ lára kùkùté tó wà nítòsí. Ẹ gé e ní ìdí dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó lè tẹ̀ láìjá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi èèkàn onígun kàn án mọ́lẹ̀, ẹ wa ilẹ̀ bò ó, kí orí rẹ̀ yọ síta. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, á ti ta gbòǹgbò tirẹ̀.

Ní ìgbà ooru àkọ́kọ́, ash àti hazel lè ga ju mítà kan lọ, àwọn míì á kọjá mítà méjì, torí gbòǹgbò igi ńlá ló ń bọ́ èéhù kékeré. Òdòdó kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọdún yẹn ni oxlip fi ń kó agbára jọ. Ìgbà ìrúwé kejì sí ìkẹta ni ilẹ̀ ń pọ́n yòò, tí anemone funfun àti oxlip bo ibi tó jẹ́ ewé dúdú nìkan tẹ́lẹ̀. Èso tó ti sùn nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gé ibẹ̀ kẹ́yìn náà á jí. Nígbà tó bá di ọdún karùn-ún, igi ti pa orí pọ̀, òdòdó ń sá, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ẹyẹ nightingale ń wá ibẹ̀, torí inú igi tó há ni ó fi ń ṣe ìtẹ́. Nínú igbó kan náà, kò sí ọdún tí ibì kan kò ní jẹ́ ti òdòdó, tí ibì kan kò ní jẹ́ ti ẹyẹ, tí ibì kan kò ní jẹ́ ti eku.

Àgbọ̀nrín

Gbogbo èyí lè bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta. Oríṣi àgbọ̀nrín mẹ́ta ló ń yọ igbó apá ibẹ̀ lẹ́nu. Roe jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Fallow ni àwọn Norman tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ kó wá. Muntjac, èyí tó kéré jù, ará China ni. Ní nǹkan bíi 1900 ni wọ́n kó o wá sí ọgbà ìsinmi kan ní Woburn, ní Bedfordshire, ó sì bọ́ sígbó. Kò ga ju bí ajá lásán lọ, ó ń bímọ tọdún yípo, ó ń gba abẹ́ ohun tí fallow kò lè gbà, ó sì fẹ́ràn orí òdòdó oxlip. Yàrà àwọn mọ́ńkì lè dá màlúù dúró, kò lè dá a dúró.

Kùkùté tí wọ́n jẹ èéhù rẹ̀ lọ́dún kan á tún rú. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lọ́dún kejì, á rú pẹ̀lú àìlera. Ọ̀pọ̀ kì í rí ìkẹta. Lójú ẹni tó ń kọjá, gígé ló dà bí ohun tó pa á.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí wọ́n fi ẹ̀ka tó kù láti ara gígé kọ́ ọgbà ẹ̀ka gbígbẹ yí apá náà ká: èèkàn ìlà méjì, kí ẹ kó ẹ̀ka sí àárín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí yóò fi ga ju mítà kan àti ààbọ̀. Ó ń jẹrà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta kò wúlò mọ́. Bí ìdàgbà bá lọ dáadáa, ọdún mẹ́ta yẹn ló tó kí èéhù fi kọjá ibi tí ẹnu fallow dé, nǹkan bíi mítà 1.8. Ọgbà wáyà dára jù. Mítà 1.8 ni gíga rẹ̀ fún fallow, ojú wáyà ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7.5 lọ nítorí muntjac, ẹ sì gbọ́dọ̀ kan etí ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ibi tí ọgbà ń kùnà jù ni ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tó bá ré kọjá yàrà. Ẹ parí rẹ̀ kí Épírì tó dé, torí àgbọ̀nrín tó bá wà nínú nígbà tí ẹ ti í pa, ọgbà náà ti di ti rẹ̀. Síbẹ̀, ọgbà ń tì wọ́n sí apá mìíràn lásán ni. Bí àwọn tó ni ilẹ̀ yí igbó ká kò bá jọ pa àgbọ̀nrín kù nígbà òtútù, iṣẹ́ kò ní tán.

Àrùn ash

Ní 2012, wọ́n rí àrùn ash ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Norfolk àti Suffolk sì wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ hàn nínú igbó gidi. Poland ni wọ́n ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Yúróòpù ní 1992. Ohun tó ń fà á jẹ́ ẹ̀yà olú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hymenoscyphus fraxineus. Ó ti bá ash ìlà-oòrùn Éṣíà gbé pọ̀ tipẹ́ láìpa á, ṣùgbọ́n ash ti Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n rí. Ní Ọ́kítóbà 2012, ìjọba fòfin de kíkó ash wọlé, ṣùgbọ́n àrùn ti wọlé, atẹ́gùn náà sì ń gbé e kọjá òkun.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìṣòro Bradfield wà. Nígbà ooru, olú funfun tíntìntín á yọ lára igi ewé ash tó wọ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n á tú kóró tó fẹ́lẹ́ ju eruku lọ sínú afẹ́fẹ́. Kóró náà á bọ́ sórí ewé tútù, á wọnú rẹ̀, á gba igi ewé dé ẹ̀ka. Ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, ewé á rọ, á sì dúdú lórí igi. Níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ọ̀pá, ẹ á rí ojú ọgbẹ́ dúdú tó gùn, tó sì ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀, ẹ̀ka kékeré tó gba àrùn wọlé á sì wà láàárín rẹ̀, ó ti kú. Igi ńlá lè gbé ọdún púpọ̀ kí àrùn tó borí rẹ̀. Ọ̀pá tín-ínrín, àrùn á yí i ká láàárín ìgbà ooru kan, á sì pa á.

Èéhù tó rú láti kùkùté, gbogbo rẹ̀ tín-ínrín, gbogbo rẹ̀ tútù, gbogbo rẹ̀ wà nítòsí ilẹ̀ níbi tí kóró pọ̀ sí. Ohun tó mú ash gbé ẹgbẹ̀rún ọdún ló wá ń fi í lé àrùn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn fún igbó tó ti ní àrùn fi yí padà: ẹ má gé ash dé kùkùté bí kò bá sí ìdí pàtàkì. Fún ẹni tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn àgbà, ó le láti gbà, torí lórí ash ni òwò igi ìdáná dúró.

Ohun tí à ń ṣe báyìí nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n gé hazel, maple àti alder bó ṣe yẹ, kí wọ́n yí ash kọjá. Ash tó ti kú létí ọ̀nà, ẹ má ṣe gùn ún, ẹ má sì fi ẹ̀rọ ọwọ́ gé e lábẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ. Igi rẹ̀ ń gbẹ, ó ń kán lójijì, pàápàá bí olú oyin, olú tó ń mú ìdí igi jẹrà, bá ti wọ ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ní ilé ìjókòó tó bo awakọ̀ ló yẹ fún un. Èyí tó kú níbi tí kò ti lè wó lu ẹnikẹ́ni, ẹ fi sílẹ̀. Kòkòrò, ẹyẹ àti olú mìíràn nílò rẹ̀. Níbi tí àlàfo bá ṣí, ẹ tẹ ọ̀pá hazel mọ́lẹ̀ bí a ti sọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí maple tó hù fúnra rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹ má ra igi láti òkèèrè wá sínú igbó àtijọ́, torí igi tí wọ́n rà ló kó àrùn yìí wọ ọgbà púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Díẹ̀ nínú àwọn ash ń dúró. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà, wọ́n sì lè fi okun wọn sínú èso. Ìdí nìyí tí ó fi burú láti gé gbogbo ash lulẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹni tó gé gbogbo rẹ̀ ti gé èyí tí ì bá bí àwọn ọ̀la pẹ̀lú. Ẹ rìn yí igbó ká ní Júláì, nígbà tí ewé pé. Ìgbà òtútù kò lè sọ fún yín èyí tó lera. Ẹ wo orí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣírò bí ewé rẹ̀ ṣe ṣẹ́kù sí. Èyí tó bá ṣì ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àwọn tó yí i ká ti gbẹ, ẹ so okùn aláwọ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, ẹ padà wò ó ní Júláì ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá ti jẹ́ kùkùté àgbà, ẹ gé hazel tó yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ kan an, kí ẹ sì fi ọ̀pá tirẹ̀ sílẹ̀ láìgé.